Ọkọ̀ Tí Òùngbẹ Ń Gbẹ ní Èbúté Tírè

Ọkùnrin kan wà ní ìlú Tírè láyé àtijọ́, iṣẹ́ ọkọ̀ kíkàn ni iṣẹ́ rẹ̀. Tírè tí ò ń kà nínú Bíbélì náà ni mò ń wí. Erékùṣù ni, òkun yí i ká, kò sì ní ilẹ̀ oko tí ènìyàn lè fi yangàn. Igi kédárì tí wọ́n ń gé lórí òkè lápá kejì omi, aṣọ elése àlùkò tí wọ́n ń fi ìgbín òkun pa láró, àti ọgbọ́n orí wọn ni wọ́n ní, kò tún sí nǹkan mìíràn. Bí ọkọ̀ wọn kò bá lọ sájò, wọn kò ní jẹun nìyẹn.

Oyèwùmí, jókòó dáadáa. O ti rojọ́ ìyàwó rẹ tán, n kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ. Ìgbéyàwó tí kò tíì pé ọdún, o ti ń ru ẹjọ́ rẹ̀ kiri àdúgbò. Jẹ́ kí n sọ tèmi náà kí o tó mú fìlà rẹ nílẹ̀.

Ọkọ̀ àwọn ará Tírè kì í ṣe irú èyí tí àwọn apẹja wa ń gbẹ́ láti inú ìtì igi kan ṣoṣo. Ìtì igi kan kò lè gba ẹrù tó ń lọ sí Táṣíṣì, ìlú tó jìnnà réré lókè òkun. Pákó ni wọ́n ń tò. Wọ́n á kọ́kọ́ tẹ́ igi gbọọrọ kan sílẹ̀ tí yóò jẹ́ egungun ẹ̀yìn ọkọ̀, wọ́n á wá máa to pákó kédárì lé e láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Wọn kì í kan ìṣó sí etí pákó wọ̀nyẹn. Wọ́n á gbẹ́ ihò sí etí ọ̀kan, wọ́n á gbẹ́ ihò tó bá a mu sí etí èkejì, wọ́n á ki ahọ́n igi líle bọ inú méjèèjì, wọ́n á sì gún èèkàn igi wọ̀ ọ́ kó má baà yọ. Pákó méjì tí kò ti inú igi kan náà wá á wá di ara wọn mú gírígírí.

Ọgbọ́n yìí ló sọ wọ́n di ènìyàn láàárín àwọn orílẹ̀-èdè. Òun ló jẹ́ kí ọkọ̀ wọn lágbára tó láti gbé òpó gíga, kí òpó gíga sì gbé ìgbòkun fífẹ̀. Ìgbòkun fífẹ̀ ló gbé wọn dé ibi tí àwọn tó ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ kò lè fi agbára apá dé. Wọ́n ń kó kédárì lọ sí Íjíbítì, wọ́n ń kó ọ̀gbọ̀ bọ̀. Wọ́n ń kó aṣọ lọ sí Táṣíṣì, wọ́n ń kó fàdákà bọ̀. Àwọn ọba tí kò mọ̀ wọ́n rí ń wọ aṣọ wọn.

Ṣùgbọ́n pákó tuntun máa ń gbẹ táútáú. Bí wọ́n bá ti ọkọ̀ tuntun wọ omi, yóò jò, kò sí ọgbọ́n tí wọ́n lè dá sí i. Gbogbo akànkọ̀ ló mọ̀. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni pé wọ́n á gbé e sí ibi tí omi kò ti jìn, wọ́n á jẹ́ kí omi wọ inú rẹ̀ títí yóò fi jókòó sórí iyanrìn. Wọ́n á fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á lọ jókòó sí etídò, wọ́n á máa jẹ ẹja, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Kédárì á máa mu omi, á máa wú díẹ̀díẹ̀, etí pákó kan á wá ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ lọ, ahọ́n igi á há mọ́ ihò rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá wá gbọ́n omi inú rẹ̀ dànù, kò sí èyí tí yóò tún wọlé tó nǹkan. Fífún ọkọ̀ lómi ni wọ́n ń pe iṣẹ́ yìí.

Bàbá akànkọ̀ tí mò ń sọ yìí ní kọ̀rọ̀ omi kan lẹ́yìn erékùṣù níbi tó ti ń fún ọkọ̀ lómi. Kò sẹ́ni tó ń gba ibẹ̀ kọjá. Nígbà tí bàbá náà kú, ó fi igi kédárì sílẹ̀ fún ọmọ, igi tó ti gbẹ dáadáa. Ọmọ náà la gbogbo rẹ̀ sí pákó, kò ku ẹyọ kan. Ó ní òun yóò kan ọkọ̀ tí irú rẹ̀ kò sí ní Tírè.

Ìyàwó rẹ̀ ló rán ìgbòkun rẹ̀. Obìnrin náà mọ iṣẹ́, mo fẹ́ kí o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó rán òrùka mọ́ ara aṣọ ọ̀gbọ̀ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ki okùn bọ inú wọn, tó fi jẹ́ pé bí atẹ́gùn bá le jù, àwọn atukọ̀ á kàn dúró nísàlẹ̀ fa okùn ni, aṣọ á sì ká sókè bí ìgbà tí ènìyàn ń ká apá agbádá. Kò sí pé ẹnikẹ́ni ń gun òpó mọ́. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò lórí ilẹ̀, inú tọkọtaya náà dùn débi pé wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Gbogbo ohun tí àwọn méjèèjì ní ló wà lára ọkọ̀ yẹn. Bí ó bá lọ tó sì bọ̀ láyọ̀, ilé wọn ti dúró nìyẹn. Bí ó bá rì, kò sí igi mọ́, kò sì sí bàbá tí yóò tún fi igi sílẹ̀.

Wàhálà tó wá wà níbẹ̀ ni pé ọkọ̀ náà tóbi ju kọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ lọ. Ó di dandan kó gbé e wọ omi ní èbúté ńlá, níwájú gbogbo ayé. Àwọn ènìyàn sì rọ́ wá. Wọ́n ti ń gbọ́ ìròyìn ọkọ̀ yìí tipẹ́, wọ́n wá wòran. Bí ó ti kan omi, tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú rẹ̀ ṣùrùrù láti gbogbo etí pákó, ọkùnrin ọlọ́kọ̀ kan tó jókòó sórí ọkọ̀ tirẹ̀ nítòsí bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ wá wò ó o! Ajere ló kàn! Ó ti fi kédárì bàbá ẹ̀ mọ ajere!"

Ẹ̀rín sọ ní èbúté. Ọkùnrin ọlọ́kọ̀ yìí mọ̀ pé gbogbo ọkọ̀ tuntun ló ń jò. Ọkọ̀ tirẹ̀ náà jò nígbà tó wà ní tuntun. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tirẹ̀ ti ń gbó, àjẹ̀ ni wọ́n fi ń wà á jù, ìgbòkun tuntun yẹn sì ti ń kọ ọ́ lóminú. Irú wọn pọ̀ ní gbogbo àdúgbò, o kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀.

Ìyá aláró kan wà níbẹ̀, àgbàlagbà obìnrin tí apá rẹ̀ méjèèjì ti pọ́n dé ìgúnpá nítorí aró. Òun ló ti gbà láti kó aṣọ elése àlùkò rẹ̀ sínú ọkọ̀ náà. Ó sún mọ́ akànkọ̀.

"Ọmọ mi, ṣé inú ibi tí omi ń rú yìí ni aṣọ mi fẹ́ wọ̀?"

Ọ̀rọ̀ kúkurú ló yẹ kó fi dá a lóhùn. Kó ní, Ìyá, òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́, ẹ jẹ́ kó mu. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú tó wà ní èbúté pọ̀ jù, ẹ̀rín yẹn sì ti wọ̀ ọ́ lára. Ojú tì í. Ó wá ń bá ara rẹ̀ sọ ọ́ nínú pé ta ni yóò gba òun gbọ́ bí òun bá dúró ti ọkọ̀ tó kún fómi, tí òun ń sọ pé nǹkan ń lọ dáadáa.

"Ẹ má dààmú, Ìyá," ló sọ. "Kí ẹ tó padà wá wò ó, omi kankan kò ní wọ ibẹ̀ mọ́."

Ó pe àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n fa ọkọ̀ náà gòkè. Wọ́n jẹ́ kí oòrùn pa á títí gbogbo àlàfo etí pákó fi yanu. Ó wá mú fọ́nrán ọ̀gbọ̀, ó rì í sínú ọ̀dà gbígbóná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í bọ àárín àwọn pákó náà. Ó ń fi òòlù gbá a wọlé. Bí ọ̀kan bá wọlé tán, á tún ki òmíràn lé e. Ó ń gbá a bí ẹni pé ẹnu ọkùnrin tó pè é ní alájere ló ń dí.

Ìyàwó rẹ̀ fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ wá bá a. Ó fi ìka tẹ àárín pákó méjì, ó le gbagidi.

"Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ sọ fún mi pé kédárì máa ń wú?"

"Èmi ni."

"Níbo ló máa wú sí báyìí?"

Ó nawọ́ mú fọ́nrán ọ̀gbọ̀ mìíràn. Òun náà mọ ìdáhùn ìbéèrè yẹn, ohun tó ń bí i nínú gan-an nìyẹn.

"Jọ̀ọ́, má dá mi dúró," ó wí. "Ṣé o kò gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é ní ajere ni?"

"Mo gbọ́. Ajere kọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí ẹnu máa dùn wọ́n, kí àwa fún ọkọ̀ wa lómi."

Ó tún gbá òòlù mọ́lẹ̀. Obìnrin náà padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n tún ti ọkọ̀ náà wọ omi, kò jo ẹ̀kán omi kan. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ìyá aláró bọ́ sínú rẹ̀, ó fọwọ́ pa ilẹ̀ rẹ̀, ó gbẹ. Ó ní kí wọ́n máa kó aṣọ wọlé. Ọkùnrin ọlọ́kọ̀ ọjọ́sí yíjú padà sí ọkọ̀ tirẹ̀. Orí akànkọ̀ wú. Ó ta ìgbòkun, atẹ́gùn gbá a mú, ọkọ̀ náà sì fi èbúté sílẹ̀ fìrí. Ìyàwó rẹ̀ dúró létí omi, kò juwọ́.

Ká sọ òtítọ́, ìrìn rẹ̀ dùn ún wò. Wọ́n fi àwọn ọkọ̀ alájẹ̀ sẹ́yìn bí ìgbà tí wọ́n dúró sójú kan. Bí atẹ́gùn bá le, wọ́n á fa okùn, aṣọ á ká díẹ̀. Bí ó bá rọ̀, wọ́n á tú u. Àwọn atukọ̀ ń kọrin. Akànkọ̀ ń wo òpó, ó ń wo ìgbòkun, ó ti ń rí Táṣíṣì lójú ọkàn. Kò wo ìsàlẹ̀.

Ṣùgbọ́n omi kò gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Láti ìta ni kédárì ti ń mu ún, díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí Tírè ti jìnnà sí wọn dáadáa, wọ́n gbọ́ nǹkan kan nísàlẹ̀, tá! bí ìgbà tí àgbàdo bá bẹ́ nínú iná. Wọ́n tún gbọ́ òmíràn. Èèkàn igi ló ń já. Akànkọ̀ sáré wọ inú ọkọ̀ lọ. Omi ti ń wọlé ní ẹ̀gbẹ́ kan, kì í sì í ṣe bí èyí tó wọlé ní èbúté. Èyí ń tú wọlé bí ìgbà tí nǹkan bá fà ya.

"Ọ̀gá, ọ̀gbọ̀ kù níbí o!" Olórí àwọn atukọ̀ ti gbé e lọ́wọ́. "Ẹ jẹ́ ká tún kì í!"

Akànkọ̀ gba òòlù. Ó fi ọwọ́ kejì wá ibi tó ń jò náà kàn, ibẹ̀ ló sì dúró sí. Ọ̀gbọ̀ tó kì síbẹ̀ ní Tírè ti yọ orí síta, ó le bí eegun. Pákó tó wà lókè rẹ̀ ti wú, èyí tó wà nísàlẹ̀ ti wú. Àwọn méjèèjì ń wá ara wọn. Ohun tó kì sáàárín wọn ni kò gbà kí wọ́n pàdé, wọ́n sì ń fi gbogbo agbára wọn tì í, òun náà ń tì wọ́n padà, títí ahọ́n tó so wọ́n pọ̀ fi ń ya.

Ẹ̀rù ọwọ́ ara rẹ̀ bà á. Ó rí i pé bí òun bá tún ki ẹyọ kan sí i, òun àti àwọn ọmọ ọlọ́mọ tó tẹ̀ lé òun ti lọ nìyẹn.

"Ẹ ká ìgbòkun," ó kígbe. "Ẹ ká a dé ìdajì. Ẹ jẹ́ ká forí lé erékùṣù Kípírù, ibi tí omi kò bá ti jìn."

Okùn ìyàwó rẹ̀ ló gbà wọ́n lọ́jọ́ náà. Bí aṣọ ti ká, atẹ́gùn dẹwọ́ lára òpó, òpó dẹwọ́ lára pákó. Àwọn kan ń gbọ́n omi, àwọn kan di àjẹ̀ mú. Wọ́n wọ́ títí wọ́n fi dé etíkun oníyanrìn kan ní Kípírù. Wọ́n ru aṣọ ìyá aláró gòkè sórí iyanrìn. Lẹ́yìn náà ni akànkọ̀ mú irin, ó wọ inú ọkọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọ̀gbọ̀ náà yọ.

"Ọ̀gá, ṣé orí yín pé?" olórí atukọ̀ wí. "Ẹ fẹ́ kí gbogbo omi òkun wọlé ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ló dá a lóhùn. "Ohun tó yẹ kí n ti ṣe nílé nìyẹn."

Ó ń fà á, ó ń sunkún. Ọkọ̀ náà kún, ó jókòó sórí iyanrìn, òpó rẹ̀ nìkan ló yọ gàgà. Wọ́n jókòó tì í. Àwọn ọkọ̀ Tírè tí wọ́n ti fi sẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin ọlọ́kọ̀ yẹn kọjá pẹ̀lú àjẹ̀ rẹ̀, ó dìde dúró kó lè rí wọn dáadáa.

"Alájere! Ó mà ti kún o!"

"Òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́," akànkọ̀ dáhùn láti etíkun. "Ẹ máa lọ, ó dàbọ̀."

Ọkùnrin náà dúró díẹ̀ bóyá ọ̀rọ̀ ṣì kù. Kò sí. Ó bá tirẹ̀ lọ.

Níbi tí èèkàn kò tíì já, àwọn pákó mu omi, wọ́n wú, wọ́n pàdé, omi kò gba àárín wọn mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kan wà tí ahọ́n igi ti ya pátápátá. Ìyẹn kò ṣe é tún ṣe níbẹ̀. Ó dè é lókùn, ó ta ìgbòkun kékeré, ó rọra darí ọkọ̀ padà sílé. Àsìkò atẹ́gùn tó ń gbé ọkọ̀ lọ sájò lọ́dún yẹn ti kọjá lọ. Kò dé Táṣíṣì. Aṣọ tó kó lọ náà ló kó bọ̀, ọ̀dà sì ti ba àwọn kan jẹ́ nínú wọn.

Ó lọ bá ìyá aláró nídìí ìkòkò aró rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe jẹ́. Ìyá náà kò bínú bó ṣe rò. Ó yọ apá rẹ̀ kúrò nínú aró.

"Ìwọ ọmọ yìí," ó wí. "O ò ṣe sọ fún mi lọ́jọ́ náà pé òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́? Èmi tí mo ti ń rẹ aṣọ láti kékeré, tí mo mọ̀ pé aṣọ tí kò bá mu àmuyó kò lè di aṣọ ọba. Ṣé èmi ni mi ò ní lè dúró dè ọ́?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún ju gbogbo ẹ̀rín èbúté lọ.

Ó dáa, Oyèwùmí. Ìwọ ni mò ń bá wí.

Mo bi ọ́ léèrè bóyá o gbé ọwọ́ sókè sí ìyàwó rẹ, o ní rárá. Òun náà sọ fún mi pé rárá. Mo bi ọ́ bóyá ó ń fi ebi pa ọ́ ni, tàbí ó ń bú àwọn òbí rẹ, o ní rárá. Bó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni, ohun tí mo máa sọ kọ́ lèyí. Ohun tí mo gbọ́ ni pé ẹ ń jiyàn lórí ẹni tí yóò kọ́kọ́ wẹ̀ láàárọ̀, lórí bí ata ṣe ń pọ̀ lọ́bẹ̀, lórí bóyá kí fèrèsé ṣí tàbí kó padé. Ẹ gbé ohùn sókè, àwọn tó wà ní yàrá kejì gbọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín, ojú tì ọ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Pákó tuntun méjì ló ń jò yẹn.

Kí ni o wá ṣe? O pe ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin láti Ìlọrin kó wá máa bá yín gbé. O pe àwọn àna rẹ jọ. O pe ọ̀rẹ́ rẹ kó máa bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ní báyìí, ohùn kò jáde síta mọ́, ilé ti pa rọ́rọ́, o sì rò pé ó ti dára. Èèyàn dáadáa ni gbogbo wọn. Ọ̀gbọ̀ tó dára ni, ọ̀dà tó dára ni. Ṣùgbọ́n ibi tí o kì wọ́n sí, ibẹ̀ gan-an ni ìwọ àti ìyàwó rẹ yẹ kí ẹ ti pàdé. Obìnrin náà ń dàgbà bọ̀ sọ́dọ̀ rẹ, ìwọ náà ń dàgbà lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ lẹ sì ń bá pàdé lójú ọ̀nà. O ní kò bá ọ sọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ mọ́. Báwo ni yóò ṣe sọ ọ́, nígbà tí ènìyàn mẹ́ta yóò ti gbọ́ kó tó di alẹ́?

Lọ sílé. Ra nǹkan fún ẹ̀gbọ́n rẹ, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tinútinú, wá ọkọ̀ tí yóò gbé e padà sí Ìlọrin láàárọ̀ ọ̀la. Sọ fún àwọn àna rẹ pé ìpàdé ti parí. Bí ẹ bá tún jiyàn, ẹ jiyàn náà tán. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín ní yàrá kejì, jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín, wọn kò ní bá ọ gbé títí.

Ó tún ku ẹnì kan tí o kò tíì kà. Èmi ni. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú tí o bá ti ṣe ìsìn tán, o ó wá jókòó síbí rojọ́ obìnrin náà fún mi, èmi náà á sì máa bá ọ dá sí i, mo ń pe ara mi ní bàbá ìgbéyàwó yín. Ó tó gẹ́ẹ́. Bí o bá ń bọ̀ wá kí mi, mú un dání, ẹ jọ wá jẹun. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí o bá ní nínú, òun ni kí o lọ sọ ọ́ fún. N kò ní ṣílẹ̀kùn fún ọ lórí rẹ̀ mọ́.